Iṣẹ́ tí Àkọ́wáyé Fi Rán Mi

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ọmọ ọdẹ, kí n má baà máa pariwo, nítorí ohùn mi kò rí bíi ti àtijọ́ mọ́. Ẹ ní kí n sọ ìtàn fún yín, mo sì gbà, ṣùgbọ́n bí mo bá tòògbé láàárín ọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín. Èmi Ọdẹ́jìmí tí ẹ ń wò yìí, ó ti rẹ̀ mí kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú yín. Mo ti pa ẹfọ̀n tí ó ń bọ̀ wá pa mí. Mo ti bá ẹkùn sá òjò sínú ihò kan náà, tí èmi àti òun ń ṣe bí ẹni tí kò rí ara wa, tí òjò dá, tí oníkálùkù bá tirẹ̀ lọ. Àwọn baba wa ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bí ó bá pa ẹran kò ní fún ẹnì kan jẹ. Èmi rò ó, mo sì tún ń fún yín jẹ, ẹ̀yin náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní sọ ìtàn ẹfọ̀n lónìí, nítorí ìtàn ẹfọ̀n a máa ti ọ̀dọ́mọdé ọdẹ sínú ewu. Ìrìn tí mo rìn lẹ́yìn tí mo ti fi ìbọn kọ́ sára ògiri ni n ó sọ. N kò pa ẹran kankan nínú ìrìn náà, òun ni ó sì rẹ̀ mí jù lọ nínú gbogbo èyí tí mo ti rìn láyé.

Ìbídùn, ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo, ni ó ń rọbí. Ilé mi ní Òkè-Àpárí níbí ni ó wá bímọ sí, nítorí ọkọ rẹ̀ wà ní ìdálẹ̀. Ìyá Àlàkẹ́, agbẹ̀bí tí ó gbẹ̀bí ìdajì ìlú yìí, ti fọwọ́ kan ikùn rẹ̀ tipẹ́, ó ti sọ pé ìbejì ni. Àkọ́kọ́ jáde ní àárọ̀ kùtùkùtù, ọmọkùnrin ni, ara rẹ̀ gbóná, ó ń mí, ojú rẹ̀ là kedere, ṣùgbọ́n kò sunkún. Wọ́n ta omi tútù sí i, kò sunkún. Wọ́n dì í lẹ́sẹ̀ mú, wọ́n dorí rẹ̀ kodò, wọ́n gbá a ní ìdí, ó kàn ń wò wọ́n bí àgbàlagbà tí wọ́n ń bá ṣe eré tí kò dùn mọ́ ọn. Èkejì sì jókòó pa sínú, kò jáde.

Ẹ̀yin náà mọ bí ti ìbejì ti rí ní ilẹ̀ wa. Ẹni tí ó kọ́kọ́ jáde kì í ṣe ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n ṣì wà nínú, òun ni ó rán àbúrò rẹ̀ pé, “Lọ bá mi tọ́ ayé wò, bí ó bá ṣe é gbé, kí o ké sí mi.” Igbe tí Táyélolú bá ké ni iṣẹ́ tí ó jẹ́, ìgbà tí Ọmọ́kẹ́hìndé bá sì gbọ́ ọ ni yóò tó dìde. Èyí tí a bí fún wa yìí, wọ́n rán an, ó dé, ó sì dákẹ́.

Ìyá Àlàkẹ́ pè mí sí ìta, ó ń fi etí aṣọ nu ọwọ́.

“Bàbá Ìbídùn, ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá àgbo. Ọmọ tó jáde ń wo ayé, kò sì mọ ohun tí òun fẹ́ sọ nípa rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń retí nínú lọ́hùn-ún. Okun ọmọ rẹ sì ń tán lọ.”

“Ẹ ò sọ fún ọmọ náà pé ayé dùn?”

“Gbogbo obìnrin ilé yìí ti sọ ọ́ sí i létí títí ẹnu fi ń dùn wọ́n. Kò gbà wá gbọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ tọ́ ayé wò, ṣáájú gbogbo ẹlẹ́mìí, ni ká lọ bi léèrè. Ẹ̀yin ọdẹ lẹ máa ń sọ pé ó wà nínú igbó yín yẹn. Àbí irọ́ lẹ ń pa fún wa?”

Irọ́ kọ́. A máa ń sọ ọ́ nídìí iná pé ní ìsàlẹ̀ Igbó Ìpìlẹ̀, níbi tí omi ti ń hó láìsí ẹni tí ó dáná sí i, ohun abẹ̀mí àkọ́kọ́ wà níbẹ̀, Àkọ́wáyé ni a ń pè é. Ṣùgbọ́n a máa ń sọ ọ́ bí ènìyàn ti í sọ̀rọ̀ ọ̀run ni, kò sí ẹni tí ó palẹ̀ mọ́ láti lọ. Mo wo orúnkún mi méjèèjì. Mo wo ẹnu ọ̀nà yàrá tí ọmọ mi wà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wọlé lọ mú àdá.

“Bàbá mi, ẹ má lọ,” ni Ìbídùn wí láti orí ẹní. “Ẹsẹ̀ yín ò lágbára mọ́.”

Mo ní, “A ò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà gbọ́. Ìwọ ṣáà máa mí, kí n padà wá bá ọ.”

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ìrora kò jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbéra, pẹ̀lú iṣu sísun kan nínú àpò, mo ń kùn bí ìyálé tí wọ́n jí lójú oorun.

Igbó Ìpìlẹ̀ kò jọ igbó tí ẹ ń dọdẹ sí. Bí ènìyàn ti ń wọ inú rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni ayé ń padà sẹ́yìn. Mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé òdòdó ti tán. Igi wà, ewé wà, ṣùgbọ́n kò sí igi kan tí ó tanná. Nígbà tí ó ṣe, ohùn ẹyẹ tán. Nígbà tí ó tún ṣe, koríko tán lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ọ̀mù, ewé etí odò, ni ó kù, ọ̀mù tí ó ga tó ìrókò, ó ṣú dudu, ó ń kán omi sí mi lọ́rùn. Ẹ̀rù ìbá bà mí, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí jù. Ẹ̀rù náà ń fẹ́ agbára, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tí ó bá ti rẹ̀ tẹnutẹnu kò rí èyí tí yóò fi bẹ̀rù.

Níbẹ̀ ni mo ti bọ́ sí àárín egungun. Egungun bí òpó ilé, ìhà bí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, orí kan sì wà níbẹ̀ tí eyín rẹ̀ gùn ju àdá mi lọ. Alángbá ni wọ́n, alángbá tí ó jẹ́ pé bí ó bá dúró ní ẹnu ọ̀nà ààfin, yóò máa yọjú wo àjà. Gbogbo wọn ti kú. Mo fẹ́ jókòó sórí agbárí náà sinmi, ni ohùn tín-ín-rín kan bá sọ láti inú ihò ojú rẹ̀ pé, “Rọra, ọdẹ. Àwọn ọmọ ń sùn.”

Mo yọjú. Ẹ̀dá kékeré kan tí ó jọ asín ni, onírun, imú rẹ̀ ń gbọ̀n, ó na ara sílẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ tó bí ẹ̀wà ń mu ọmú rẹ̀. Ó ní kí n dáhùn kí n tó kọjá: “Ta ló tóbi jù, èmi ni àbí ẹni tí mo fi orí rẹ̀ ṣe ilé?”

Ọdẹ ni mí, mo mọ ìbéèrè tí ó ní ìkọ́ nínú. Mo ní, “Ẹni tó ṣì lè bèèrè ló tóbi jù.”

Ó mi orí. “Ẹnu rẹ mú. Nígbà tí wọ́n wà láyé, àwa la máa ń sá sábẹ́ gbòǹgbò. A ò jẹun àyàfi bí wọ́n bá ń sùn. Òkúta kan wá já láti ojú ọ̀run, eruku bo oòrùn lójú, oúnjẹ àwọn ńlá tán. Kì í ṣe pé a gbọ́n jù wọ́n lọ o. A kéré ni, ebi wa sì kéré.”

“Ẹ kú ewu,” ni mo wí.

“Ewu ò tíì tán. Lọ o jàre, ọmọ ọmọ ọmọ mi. O ti rí wa bí ẹran tí kò tó ọta ìbọn, ṣé kò rí bẹ́ẹ̀?”

Ohun tí ó sọ ni mo máa ń sọ nípa asín gan-an. Mo kọjá pẹ̀lú ìtìjú, mo sì ń rántí bí Ìbídùn náà ti mu ọmú ìyá rẹ̀, tí imú rẹ̀ ń gbọ̀n bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn egungun ni àbàtà wà, ẹrẹ̀ tí ó lọ títí ojú kò fi rí òpin rẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ kan sí i, ó gbé e mì dé ojúgun. Ẹja kan dìde lójú ẹrẹ̀ níwájú mi, ó fi lẹbẹ rẹ̀ méjèèjì ti ilẹ̀ bí arúgbó tí ó ń dìde lórí àpótí. Orí rẹ̀ pẹlẹbẹ, ojú rẹ̀ wà lókè, ó sì ń mí hẹ̀ẹ̀ hẹ̀ẹ̀ bí èmi náà. Mo kí i pé ó kú akin, pé a gbọ́ pé òun ni ó kọ́kọ́ gòkè láti inú omi.

“Akin wo?” ni ó wí. “Omi ló ń gbẹ. Mò ń wá omi mìíràn lọ ni, bí mo ṣe bára mi lórí ilẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọmọ mi ló wá ń pe ìyà ní akin. Ó dáa, fetí sílẹ̀. Kí ni nǹkan tí ẹ gbé kúrò ní ilé bàbá mi, tí ẹ ò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ rí, tí ẹ rò pé tiyín ni? Bí o bá mọ̀ ọ́n, mo gbé ọ kọjá. Bí o bá ṣì í, ẹrẹ̀ á tún bù ọ́ mì díẹ̀.”

Mo wo lẹbẹ rẹ̀, mo rí egungun tí ó là bí ìka nínú rẹ̀. Mo ní, “Ọwọ́.” Ó ní ọwọ́ kọ́, àwọn ejò ti sọ tiwọn kalẹ̀. Ẹrẹ̀ gbé mi mì dé itan. Mo ní, “Eegun ẹ̀yìn.” Ó ní ìgbín kò ní, ara ilé ni òun náà. Ẹrẹ̀ gbé mi mì dé àyà. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, n kò parọ́ fún yín, mo ronú pé kí n kúkú jẹ́ kí ó gbé mi mì, kí n lè sinmi. Ibi tí àárẹ̀ mú mi dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n Ìbídùn ń mí nílé nítorí mo sọ pé kí ó máa mí, ènìyàn kò sì lè rán ọmọ ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kí òun náà wá dùbúlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Òógùn ń ṣàn lójú mi wọ ẹnu. Mo tọ́ ọ lá. Mo kígbe pé, “Omi iyọ̀! Ó wà nínú òógùn wa, ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, ó wà nínú omijé wa. Omi òkun la gbé kúrò nílé!”

“Ẹ gbé e lọ, òkun ò sì béèrè rẹ̀,” ni ẹja náà wí, ó sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Bí ó ti ń wọ́ mi kọjá, èmi pẹ̀lú rẹ̀ ń mí hẹ̀ẹ̀ hẹ̀ẹ̀.

Ní òdìkejì àbàtà, ohun gbogbo tán. Kò sí igi, kò sí ọ̀mù, kò sí kòkòrò kan. Àpáta gbalasa ni, ojú ọ̀run sì pọ́n bí epo. Ní ẹ̀bá omi kan, ohun yíyọ̀ aláwọ̀ ewé tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní, irú èyí tí ó máa ń hù sí ìdí ìkòkò omi tí ìyàwó yín kò bá fọ̀ ọ́. Mo fẹ́ gba orí rẹ̀ kọjá, àwọn ohùn púpọ̀ bá sọ lẹ́ẹ̀kan náà pé, “Dúró. Ibi tí a tẹ́ dé ni èémí tó. Iwájú wa kò sí afẹ́fẹ́ tí ìwọ lè mí.”

“Ta ló wá ni afẹ́fẹ́ tí mo ń mí níbí?”

“Àwa. A jẹ oòrùn, a mu omi, a sì ń mí èyí tí kò wúlò fún wa síta. Ó pọ̀ títí ó fi yí ayé padà. Ó pa púpọ̀ nínú àwọn ẹbí wa àtijọ́, a ò sì mọ̀ọ́mọ̀. Ẹ̀yin wá dé, ẹ sọ májèlé náà di ẹ̀mí yín. Bí a bá bò ọ́ nímú, a óò máa mí fún ọ. Kí ni ìwọ yóò fún wa?”

Mo fi iṣu lọ̀ wọ́n, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Èyí tí o bá mí síta, kí ó jẹ́ tiwa.” Mo yára gbà, mo sì ń rò nínú ara mi pé mo ti rẹ́ wọn jẹ, ta ni ń gba ohun tí ènìyàn ti lò tán? Ẹ̀yin ẹ wò ó, títí di òní olónìí, èmi pẹ̀lú wọn ṣì ń ná ọjà náà. Wọ́n gun imú àti ẹnu mi, wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n tutù, wọ́n ń rùn bí odò. Wọ́n ní, “Oòrùn ni oúnjẹ wa. Bí ó bá wọ̀ kí o tó padà, àwa yóò sùn, ìwọ náà yóò sì sùn.” Oòrùn sì ti kọjá àtàrí.

Mo rìn dé ibi tí omi ti ń hó. Ihò kan ni láàárín òkúta, kò fẹ̀ ju ẹnu ìkòkò lọ, èéfín ń rú níbẹ̀, ẹrẹ̀ inú rẹ̀ ń ta bí ẹ̀kọ lórí iná. N kò rí ẹnikẹ́ni. Nígbà náà ni mo gbọ́ ohùn kan tí kò pariwo, tí ó rẹ̀ ju tèmi lọ.

“Má wá mi. Ojú rẹ ò lè rí mi, mo kéré jù. Sọ̀rọ̀.”

Ìṣòro kan bá mi. Báwo ni n ó ṣe kí i? Ó dàgbà ju òkúta tí ó yí i ká lọ. Ṣùgbọ́n nípa ti ìbejì, ẹni tí ó kọ́kọ́ jáde, àbúrò ni. Mo rò ó títí, mo wá dọ̀bálẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá lè sè mí jinná, àgbà mi ni.

Mo sọ ọ̀rọ̀ Ìbídùn fún un, láti òkè délẹ̀. Mo ní, “Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ tọ́ ayé wò. Ẹ dákun, báwo ló ṣe rí?”

Ó ní, “Ta ló rán mi?”

“Àwa ni. Gbogbo àwa tí a wá lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é nílé wa.”

“Mo ti ń retí ẹni tí yóò wá gba iṣẹ́ náà lẹ́nu mi,” ni ó wí. “Òkè hù, ó sì jẹrà, kò sí ẹni tó wá. Àwọn tó ń jáde lára mi ń lọ, wọn kì í bojú wẹ̀yìn. Kọ́kọ́ sọ fún mi ná. Àwọn ọmọ ńkọ́? Báwo ni wọ́n ṣe dà?”

Háà! Ó bi mí ní èyí tí mo mọ̀. Ta ló mọ ẹran bí ọdẹ? Mo tún ohùn ṣe lábẹ́ ìbòmú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sun ìjálá fún un. Mo ki àjànàkú, òkè tí ń rìn, tí í gbọn etí bí ẹni ń gbọn ẹní. Mo ki ìjímèrè tí ó jókòó sórí igi tí ó ń bú ẹni tí ó wà nílẹ̀. Mo ki awó olówùú títò, tí ó kó àwọn ọmọ lẹ́yìn bí ìyá ìjọ. Omi náà ń hó wẹ́wẹ́, mo sì mọ̀ pé inú rẹ̀ ń dùn, bí ìyá tí ó gbọ́ ìròyìn àwọn ọmọ tí ó wà lẹ́yìn odi. Mo wá dé orí ẹtu. “Ẹtu abẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí ń rìn bí ìyàwó tuntun tí kò fẹ́ kí ilé ọkọ gbọ́ ìró òun. Ẹtu adùn-lọ́fun, ẹran tí ń pa aláròyé lẹ́nu mọ́ nídìí ọbẹ̀! Mo yìnbọn fún ọ lẹ́bàá odò, o wó bí aṣọ tó já lórí okùn…”

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí a ti í parí rẹ̀ nìyẹn. Ẹnu ọdẹ kò mọ ọ̀nà mìíràn: bí ó bá ti ki ẹran tán, yóò ròyìn ikú rẹ̀ àti bí ó ti dùn tó. Mo ti sọ ọ́ tán kí n tó rántí ẹni tí mo ń sọ ọ́ fún.

Omi náà ru sókè, ẹrẹ̀ gbígbóná ta sí mi ní apá, àpá rẹ̀ ni ẹ ń wò yìí. Mo fò sẹ́yìn, mo ṣubú.

“Ìwọ ló pa á,” ni ohùn náà wí.

“Èmi ni.”

“Gbogbo àwọn tí o dárúkọ.”

“Kì í ṣe gbogbo wọn. Àjànàkú kan sá mọ́ mi lọ́wọ́.” Ẹ gbọ́ ìdáhùn agọ̀!

“Bẹ́ẹ̀ lo ṣe mọ̀ wọ́n dáadáa.”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tí a bá ṣọ́ láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, a ó mọ̀ ọ́n, a ó sì fẹ́ràn rẹ̀, lẹ́yìn náà a ó pa á. N kò lè ṣàlàyé rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.” Omi bọ́ lójú mi. Ó dùn mí. N kò mọ̀ pé ó ti ń dùn mí tipẹ́.

Ó pẹ́ kí ẹrẹ̀ náà tó rọlẹ̀. Ó ní, “Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ. Ẹnì kan nínú àwọn àkọ́kọ́ yí arákùnrin rẹ̀ ká, ó gbé e mì. Láti ọjọ́ náà ni ẹni tó kù ti ń kọ́ láti sá, tí ẹni tó gbé e mì sì ń kọ́ láti lé e. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti wá. Ibẹ̀ ni ojú ti wá. Ìwọ náà ńkọ́, ta ni yóò jẹ ọ́?”

“Ilẹ̀ ni.”

“Èmi kò kú rí. Bí mo bá yó, mo máa ń pín sí méjì, kò sì sí èyí tó jẹ́ òkú nínú wọn. Àwọn tó kó ara jọ, tí ẹgbàágbèje gbá ara wọn mú di ara kan, ni wọ́n gbé ikú wálé. Mo máa ń bi ara mi pé kí ni wọ́n rí rà níbẹ̀.”

Mo ronú kan Ìbídùn lórí ẹní. Mo ní, “Wọ́n rí ẹni tí wọ́n lè tìtorí rẹ̀ rìn débí.”

Oòrùn ń sọ̀kalẹ̀, ìbòmú mi ti ń tú ní ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ní, “Ẹ jọ̀wọ́, iṣẹ́ náà.”

“Gbọ́ ọ dáadáa, má bù ú kù. Ayé gbóná nígbà tí mo dé. Lẹ́yìn náà ó di yìnyín láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òkúta já lù ú. Afẹ́fẹ́ tí mo mọ̀ di àjèjì sí mi, àwọn ará ilé mi sì bá a lọ. Ebi pa mí. Ó rẹ̀ mí, ó rẹ̀ mí títí àárẹ̀ náà fi di ara mi. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, mo tún pín sí méjì.”

“Ṣé ó dùn ni, àbí kò dùn?”

“Mo ti jẹ́ iṣẹ́ mi,” ni ó wí.

Mo sáré. Ẹ má bi mí bí arúgbó ti ń sáré. Oòrùn ti kan ilẹ̀, àwọn aláwọ̀ ewé tí ó wà nímú mi ń tòògbé, èémí ń wọlé ní sínńsín, ojú mi ń ṣú. Mo ṣubú, mo dìde, mo tún ṣubú, mo wá ń fi ìgbápá wọ́, títí mo fi kan ohun yíyọ̀ tútù lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi, tí afẹ́fẹ́ gidi sì kún àyà mi. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ ní, “O pẹ́ o.” Mo ní ẹ̀yin náà pẹ́ kí ẹ tó ṣe afẹ́fẹ́. Ẹja gbé mi kọjá, asín kò bi mí léèrè ohunkóhun. Ní gbogbo ọ̀nà, iṣẹ́ náà ń wúwo lọ́rùn mi. Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo pinnu pé n ó gé e kúrú. N ó fo yìnyín, n ó fo òkúta, n ó fo ebi, n ó kàn sọ pé Àkọ́wáyé ní ó dùn. Ta ni yóò lọ bi í?

Ìyá Àlàkẹ́ ni mo bá ní ẹnu ọ̀nà. Kò kí mi káàbọ̀. Ojú rẹ̀ ti wọlé.

“Ṣé o rí i?”

“Mo rí i.”

“Kí ló wí? Ó dùn, àbí? Tètè lọ sọ fún un. Ìbídùn ò dáhùn mọ́ bí a bá pè é.”

Mo gbé ọmọ náà. Ó wò mí. Mo ya ẹnu láti pa irọ́ tí mo ti tò sílẹ̀, n kò rí i pa. Gbogbo ilé ti pa irú rẹ̀ fún un, ó kọ̀ ọ́. Ó mọ̀ pé òun kò lè gbé e fún ẹ̀gbọ́n òun. Mo bá fi ẹnu sí i létí, mo jẹ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n ti fi rán mi: iná, yìnyín, òkúta, ebi, àárẹ̀ tí ó di ara. Mo ń gbọ́ tí Ìyá Àlàkẹ́ ń sọ lẹ́yìn mi pé, “O ti pa wá, Ọdẹ́jìmí, kí lò ń sọ fún ọmọ?” N kò dúró. Mo sọ ọ́ dé òpin, dé orí àárọ̀ náà tí ó tún pín sí méjì.

Àgbọ̀n ọmọ náà gbọ̀n. Ó fún ojú pọ̀. Ó wá ké, igbe tí ó le, tí ó kún fún ìbínú, tí ewúrẹ́ inú àgbàlá fi dìde dúró. Kí igbe náà tó rọlẹ̀, Ìbídùn kérora lórí ẹní, Ìyá Àlàkẹ́ sì tì mí sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú ìgbọ̀nwọ́. Ọmọbìnrin ni Ọmọ́kẹ́hìndé. Ó wá wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ọ̀nà mi parí síbí, ẹ jẹ́ kí n gbé ẹsẹ̀ sórí ẹní. Èyí tí ó kù kò ju ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí èmi àti ọmọ mi jọ sọ. Nígbà tí wọ́n ti gbé àwọn ìbejì sí i lápá ọ̀tún àti òsì, ó ṣí ojú, ó ní, “Bàbá mi, kí lẹ sọ fún un?”

Mo ní, “Òótọ́ ọ̀rọ̀.”

“Gbogbo rẹ̀?”

“Gbogbo rẹ̀.”

Ó yí orí, ó wo èyí tí ó dé kẹ́yìn, ó wò ó pẹ́. Ó ní, “Ó gbọ́ ọ tán, ó sì wá.”